Ìlà Tí Ẹ̀rọ Máa Ń Kọ Bí Ó Bá Ṣubú

Mò ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ lẹ́yìnkùlé wa ní Ire-Akari nígbà tí mo gbọ́ ohùn ẹnì kan láti orí ògiri tó pààlà àwa àti ilé kejì. Mo rántí pé ẹ̀wà olóyin ni, òkúta wẹ́wẹ́ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Mo ti to àwọn òkúta náà sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí àtẹ bí ẹni pé ẹnì kan máa wá béèrè wọn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ìwé girama: ohun tí ẹlòmíràn ń dà nù, èmi á kọ́kọ́ kà á.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó mọ̀wé kọ kíákíá? Kó má dẹ̀ ṣì í kọ o!"

Ọmọbìnrin Bàbá onílé kejì ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ wọn ni, wọ́n sì fi nǹkan bí ọdún méje jù mí lọ. Àǹtí ni gbogbo àwa ọmọ àdúgbò ń pè wọ́n. Mi ò tíì wọ ilé wọn rí. Ilé kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ńlá ni èmi àti ìyá mi háyà, a kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbé níwájú. Mo nu ọwọ́ mi sára ìró, mo sáré yí ògiri náà po, mo wọlé tọ̀ wọ́n lọ.

Nínú yàrá kan tó kọjú sí títì, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà mẹ́ta wà lórí tábìlì gígùn kan. Kì í ṣe irú èyí tí ẹ mọ̀ lónìí. Bọ́tìnnì ìtẹ̀wé nìkan ni ojú ń rí, gbogbo ohun tó kù wà lábẹ́ rẹ̀, kò sì ju búrẹ́dì méjì tí a tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lọ. Tẹlifíṣọ̀n inú ilé ni wọ́n ń fi wáyà so ó mọ́, kásẹ́ẹ̀tì orin ni wọ́n sì ń tọ́jú iṣẹ́ sí. Bàbá ló kó wọn bọ̀ láti ìlú òyìnbó nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, àwọn ẹ̀rọ náà sì ti gbó kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Èyí tó wà láàárín ti dákú. Lójú tẹlifíṣọ̀n, ìlà kan péré ló kù, lẹ́tà àti nọ́ńbà tí kò jọ ọ̀rọ̀ kankan.

"Kọ ọ́ bó ṣe wà," ni Àǹtí wí. "Má fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan o. Tí wọ́n bá mú iná báyìí, a ti gbé."

Mo kọ ọ́. Mo kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo tún kà á láti òpin wá sí ìbẹ̀rẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe máa ń ka aṣọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mi ò tíì gbé bírò kúrò lórí ìwé tí iná fi lọ. Àǹtí gbé ìwé náà lọ sójú fèrèsé, wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ọmọ yìí, ibo lo ti wà látọjọ́ yìí?"

Ẹ̀yìn ògiri ni mo wà. Àmọ́ mi ò sọ bẹ́ẹ̀.

Ìkọ̀wé Àǹtí dà bí ibi tí adìẹ ti ta ilẹ̀. Orí wọn yára ju ọwọ́ wọn lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, wọ́n kọ nọ́ńbà kan síbi òmíràn, wọ́n sì fi odindi ọjọ́ méjì wá àṣìṣe níbi tí kò sí. Láti ọjọ́ ẹ̀wà yẹn ni mo ti di akọ̀wé wọn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí ìyá mi bá ti kọrí sí ìsọ̀ aṣọ wọn ní ọjà Aswani, n ó gbálẹ̀, n ó fọ abọ́, n ó sì gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ. Wọ́n ra ìwé kan fún mi, olójú-ewé ọgọ́ta, mo fi rúlà fa ìlà sí gbogbo ojú ewé rẹ̀, kí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lè ní ilé tirẹ̀. Òfin yàrá náà ni pé bí ẹ̀rọ bá ṣubú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa á títí n ó fi kọ ìlà rẹ̀ sílẹ̀, tí n ó sì kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì. Àǹtí á wá dáhùn pé, "Ó pé." Bàbá kì í gbà kí ẹnikẹ́ni pàṣẹ fún wọn nínú ilé wọn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bá wa níbi tí mo ti ń kà á, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń dúró sí, pẹ̀lú ìwé ìròyìn lábẹ́ abíyá, títí Àǹtí á fi ní ó pé.

Díẹ̀díẹ̀ ni Àǹtí ń ṣàlàyé ohun tí mò ń kọ fún mi. Wọ́n ní àwọn àpò kéékèèké kan wà nínú ẹ̀rọ náà tí kò gbà ju nọ́ńbà kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá ṣubú, ohun tó wà nínú àwọn àpò náà ló ń tú síta fún wa, bí ìgbà tí ẹnì kan bá dákú lójú títì, tí àwọn èèyàn sì ń yẹ àpò rẹ̀ wò kí wọ́n lè mọ ilé rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ A sí ni ọwọ́ rẹ̀. Ohun tó dì mú kẹ́yìn ló wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ PC sí ni ẹsẹ̀ rẹ̀, ibi tó rìn dé nínú iṣẹ́ kí ó tó ṣubú. Èyí tó wà ní ìparí, tí wọ́n kọ SP sí, ló pẹ́ jù kí ó tó yé mi.

"Tí mo bá rán ẹ lọ ra iyọ̀," ni Àǹtí wí, "tí ìyá ẹ wá pàdé ẹ lọ́nà, tí wọ́n ní kó o kọ́kọ́ gbé garawa wọlé, kí lo máa ṣe?"

"Màá gbé garawa wọlé."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Màá padà síbi tí mo dúró sí, màá lọ ra iyọ̀."

"Ẹn-hẹ́n. Ìwọ rántí. Ẹ̀rọ ò ní ọpọlọ tìẹ. Ṣe ló ń kọ ibi tó dúró sí sórí bébà, á máa to bébà yẹn léra wọn. Tó bá jíṣẹ́ kan tán, á ka bébà tó tò kẹ́yìn, á padà síbẹ̀, á dẹ̀ sọ bébà nù. SP ló ń sọ bí bébà tó wà nílẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Àmọ́ láti òkè àjà ló ti ń tò ó bọ̀ nísàlẹ̀ o. Bí bébà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni nọ́ńbà á máa dínkù."

"Láti òkè àjà kẹ̀? Kí ló dé?"

"Lọ bi òyìnbó."

Nọ́ńbà wọn kì í sì í yí padà lórí ẹ̀wá bíi tiwa. Ó máa ń kọjá ẹ̀sán, á bọ́ sí lẹ́tà, A títí dé F, kí ó tó yí. Àǹtí rò pé ibẹ̀ ni mo ti máa sá lọ. Ṣùgbọ́n ìyá mi, ọmọ Ọ̀yọ́ tí wọ́n bí sídìí aṣọ, ogún-ogún ni wọ́n ń ka ọjà. Bí wọ́n bá dé ẹ̀ẹ́dógún, ọkàn wọn ti wà lórí ogún. Èmi tí wọ́n fi irú èyí tọ́ dàgbà, kí ló máa bà mí lẹ́rù nínú kíka mẹ́rìndínlógún-mẹ́rìndínlógún? Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo ti ń yọ ọ́ kúrò nínú ara wọn lórí ìka. Inú mi dùn sí ara mi ju bó ṣe yẹ lọ. Mo tilẹ̀ ka iye orí àlùbọ́sà fún ìyá mi lọ́nà tuntun náà lọ́jọ́ kan, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Bí o bá ti ń ka àlùbọ́sà dé F, jọ̀wọ́, bá mi gé e."

Ohun tí Àǹtí ń ṣe kì í ṣe eré. Ilé ìwé aládàáni kan lọ́nà Òkè-Afà ti sọ fún wọn pé bí ẹ̀rọ náà bá lè gba máàkì gbogbo ọmọ ilé ìwé, kí ó sì to ẹni tó gba ipò kìíní dé ẹni tó gbẹ́yìn láìṣìnà, àwọn á máa gbé iṣẹ́ èsì ìdánwò fún wọn ní gbogbo táàmù. Bí ilé ìwé kan bá gbà, òmíràn á tẹ̀lé e, Àǹtí á sì lè ṣí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà sínú yàrá yẹn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ kan wà lórí tẹlifíṣọ̀n tí àbúrò Bàbá bá wọn gbà: iṣẹ́ ìjọba ní Abẹ́òkúta, kí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé kan báyìí. Ọ̀gábìnrin ilé ìwé náà sì máa wá wo iṣẹ́ wa ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ Ajé ọ̀hún. Bàbá ti là á mọ́lẹ̀, wọn kì í sì í yí ọ̀rọ̀ wọn padà. "Tó bá ṣiṣẹ́ lójú obìnrin yẹn, o dúró. Tí kò bá ṣiṣẹ́, o lọ." Àǹtí kò fẹ́ lọ. "Ìdí fáìlì ni wọ́n máa fi mí sí," wọ́n máa ń sọ, "ibẹ̀ ni màá dẹ̀ hewú sí."

Èmi ni mò ń tẹ orúkọ àti máàkì àwọn ọmọ náà sínú ẹ̀rọ. Ọmọ tí kò bá ṣe ìdánwò, a ó fi àyè tirẹ̀ sílẹ̀ lófo. Bí a bá fún ẹ̀rọ náà ní kíláàsì kan ṣoṣo, yóò tò wọ́n láìkọsẹ̀. Bí a bá fún un ní gbogbo ilé ìwé, yóò rìn díẹ̀, yóò ṣubú. Lónìí, àárín kíláàsì kẹta. Lọ́la, ìparí ìkejì. Nígbà mìíràn, á fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Gbogbo ìgbà ni Àǹtí ń lé PC kiri, tí wọ́n ń yẹ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dé wò, tí wọn kì í sì í rí àléébù kankan níbẹ̀. Bàbá nìkan ló dá sí i rí, láti ẹnu ọ̀nà. "Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Iwájú ni ẹ̀yin méjèèjì tẹjú mọ́." Àǹtí fìbínú sọ pé, "Bàbá, ẹ̀rọ ni o, kì í ṣe òwe." Èmi mi orí bí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà yé. Kò yé mi.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ bí àwọn ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn ṣe dùn tó. Òórùn ẹ̀rọ náà bí ó bá ti gbóná, ó dà bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ariwo kásẹ́ẹ̀tì bí ó bá ń kó iṣẹ́ wọlé, ó ń han létí, síbẹ̀ bí ó bá dákẹ́, etí mi á máa wá a. Èmi nìkan ni ìyá mi bí. Mi ò ní ẹ̀gbọ́n tó ń fa irun mi, tó ń bá mi jà, tó ń fi àṣírí rẹ̀ hàn mí. Àǹtí máa ń jókòó ti apá òsì mi, igbá ẹ̀pà síse kan á wà láàárín wa, wọ́n á máa jẹ ẹ̀pà, wọ́n á máa sọ èèpo sí ẹsẹ̀ mi láìmọ̀. "Igbákejì mi" ni wọ́n ń pè mí. "Igbákejì, ka ìlà." "Igbákejì, ṣé o ti jẹun?" Ẹnikẹ́ni kò tíì fi orúkọ oyè pè mí rí.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ kan tí mo gbọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn fi wọ̀ mí lára bí ẹ̀gún. Omi ni mo lọ bù. Bàbá àti Àǹtí wà ní pálọ̀, ohùn Bàbá ni mo gbọ́: "Bí obìnrin yẹn bá gbà, kí o yáa wá ọmọ póòlì kan tó kọ́ ọ dáadáa, kí ẹ jọ máa ṣe é. Èyí tó ń bá ọ kọ nọ́ńbà yẹn, ilé ìwé girama ló kà mọ." Mi ò dúró gbọ́ èsì Àǹtí. Mo gbé omi náà padà sí yàrá, mo mu ún tán láìjẹ́ pé òùngbẹ ń gbẹ mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo rí àṣìṣe náà, nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí Ọjọ́bọ̀ náà pé. Ọjà Aswani máa ń kún ju ọjọ́ yòókù lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá mi ti lọ láti ìdájí. Àǹtí jáde lọ ra ọ̀lẹ̀lẹ̀, èmi nìkan jókòó pẹ̀lú ìwé mi. Mi ò wá ohunkóhun. Mo kàn ń wò ó bí mo ṣe dárà sí ìlà rẹ̀ tó, gẹ́gẹ́ bí ìwà mi. Mo ka àwọn PC láti òkè wá sísàlẹ̀: gbogbo wọn yàtọ̀, kò sí èyí tó sún mọ́ èkejì. Mo wá ka àwọn SP láti òkè wá sísàlẹ̀. Nọ́ńbà kan náà ni, tàbí kí ó fi méjì yàtọ̀, tàbí mẹ́rin. Mo tún un kà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Bákan náà ni. Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà ń ṣubú síbi tó bá wù ú, ṣùgbọ́n bébà tó wà nílẹ̀ kì í kọjá ibì kan kí ó tó ṣubú.

Nítorí pé mo máa ń kọ ohun gbogbo, mo ti kọ kíláàsì àti ọmọ tí ẹ̀rọ náà dé sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Mo gbé ìwé orúkọ àwọn ọmọ náà, mo ka àwọn tí kò ṣe ìdánwò, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ibi ìṣubú kọ̀ọ̀kan. Iye kan náà ni. Bí a bá kọ́kọ́ fi kíláàsì tí ọmọ rẹ̀ kò pé síwájú, á tètè ṣubú. Bí a bá fi èyí tí wọ́n pé síwájú, á rìn jìnnà. Ó wá hàn sí mi gbangba. Ẹ̀rọ náà á fi bébà sílẹ̀, á lọ wo máàkì ọmọ kan; bí ó bá bá a lófo, kò ní padà wá mú bébà rẹ̀ kúrò, á gba ẹ̀bùrú lọ bá ọmọ tó kàn. Ọmọ kọ̀ọ̀kan tí kò wá, bébà kan ló fi sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kó. Òkìtì bébà ń rọ́ wá sílẹ̀ títí ó fi bo iṣẹ́ fúnra rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ Bàbá ló rí yìí: ẹ̀yìn ló yẹ ká wò.

Àǹtí ti ẹnu ọ̀nà wọlé pẹ̀lú ọ̀lẹ̀lẹ̀ nínú ewé. Wọ́n fún mi ní èyí tó tóbi jù.

"Igbákejì, ojú ẹ ń dán. Kí lo rí?"

Ẹnu mi ti là. Wọ́n jókòó, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n sì sọ pé, "Tí a bá rí àṣìṣe yìí tú báyìí, gbogbo nǹkan ló máa yí padà níbí, ṣé o mọ̀?"

Mo mọ̀. Mo rí ọmọ póòlì náà lójú mi, pẹ̀lú báàgì aláwọ, ó jókòó ní apá òsì Àǹtí, èèpo ẹ̀pà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"PC ti tún yí padà," ni mo dáhùn. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òtítọ́ tí wọ́n béèrè.

Mo sọ fún ara mi pé ọ̀wọ̀ ni. Ta ni mí, tí n ó fi máa tọ́ka àṣìṣe sí ẹni tó kàwé jáde ní yunifásítì? Mo sọ fún ara mi pé ọjọ́ méjì péré ni mo fẹ́, kí n lè jókòó síbẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí i, kí n tó sọ ọ́ ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kí obìnrin náà tó dé. Mo ti ṣírò rẹ̀ bí ẹni tó gbọ́n: ìlà kan péré ló yẹ kí wọ́n fi kún un, kò ní gbà ju wákàtí kan lọ. Ọjọ́rú kọjá. Ẹ̀rọ ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo kọ ìlà mẹ́ta, mo kà á, Àǹtí ní ó pé. Wọn ò jẹun lọ́jọ́ náà. Mo rí i pé wọn ò jẹun, mo sì dákẹ́.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, bí mo ṣe ń wọ bàtà, ìyá mi gbé ìdì aṣọ méjì lé mi lórí, kí n gbé e fún oníbàárà wọn kan ní Òṣòdì. Mo ní mo ní iṣẹ́ ní ilé kejì. "Iṣẹ́ tí wọn kì í sanwó rẹ̀ yẹn?" ni wọ́n bi mí. "Yóò dúró dè ọ́." Oníbàárà náà kò sí nílé, mo dúró dè é títí oòrùn fi gun orí. Nígbà tí mo padà dé Ire-Akari, mọ́tò ọ̀gá ilé ìwé ti wà lẹ́nu géètì.

Mo sáré wọlé. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé náà jókòó lórí àga pálọ̀ tí wọ́n gbé wọlé nítorí wọn, Bàbá dúró lẹ́yìn wọn. Lójú tẹlifíṣọ̀n, orúkọ àwọn ọmọ ń sáré kọjá, kíláàsì kìíní, ìkejì, ìkẹta. Mo ń ka àwọn tí kò wá nínú ọkàn mi. Mo mọ ọmọ tí ẹ̀rọ náà yóò ṣubú lé lórí. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n níwájú àlejò, kí lèmi máa wí? Ó dé orí ọmọ náà, ó ṣubú.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà ṣì ń tì mí lójú títí dòní: mo mú bírò, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìlà náà.

"Kí ni ọmọ yìí ń kọ?" ni ọ̀gá ilé ìwé béèrè. "Ṣé èsì ìdánwò nìyẹn?"

"Rárá mà," Àǹtí dáhùn. Ohùn wọn ti tín-ínrín. "Ibi tó ti ṣubú ló ń kọ."

"Háà. Ó dáa bẹ́ẹ̀." Obìnrin náà dìde, wọ́n gbọn aṣọ wọn. Wọn kò fi wá rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló dùn mí jù. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ ọpọlọ ni. Àwa á ṣì máa fọwọ́ kọ tiwa ná, tó bá yá, a máa gbọ́ra."

Bàbá sìn wọ́n dé géètì. Nígbà tí wọ́n padà wọlé, wọn ò sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ: "Ó tó." Wọ́n mú lẹ́tà náà lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n fi lé Àǹtí lọ́wọ́. Àǹtí tẹ bọ́tìnnì, wọ́n pa ẹ̀rọ náà kí n tó ka ìlà mi sókè. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo bá wọn gbé ẹrù dé Òṣòdì, níbi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò Abẹ́òkúta. Mo fi ìwé mi sábẹ́ abíyá. Wọ́n ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, èrò ń wọlé, agbèrò ń pariwo pé ẹni méjì ló kù, nígbà tí ẹnu mi tó gbà láti là.

"Àǹtí, SP yẹn, ibì kan náà ló máa ń dúró sí."

Mo na ìwé náà sí wọn. Wọ́n gbà á tìfura-tìfura. Ìka wọn gba orí ìlà náà lọ sísàlẹ̀, ó dúró, ó padà sókè. Mo rí i bí ètè wọn ṣe ń ka nọ́ńbà. Wọ́n wo ohun tí mo kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Àwọn ọmọ tí ò wá," wọ́n sọ jẹ́jẹ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Ìgbà wo lo rí i?"

Mo lè purọ́. Ó yà mí lẹ́nu pé mi ò purọ́. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

Wọ́n gbójú sókè wò mí. Ìyá kan ń fi ìdí tì mí kí ó lè wọlé, mi ò kúrò. "Mo rò pé ẹ máa gba ọmọ póòlì," ni mo wí, "mo rò pé..." Mi ò lè parí rẹ̀. Omi ti wà lójú mi, ó wà lójú àwọn náà. Wọ́n pa ìwé náà dé, wọ́n tì í jáde láti ojú fèrèsé, wọ́n fi lé mi láyà. Mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Wọ́n yọrí síta, wọ́n sì sọ̀rọ̀ kan tó kẹ́yìn fún mi. Mo gbọ́ ọ dáadáa.

Lọ́jọ́ Ajé, mo múra, mo lọ sí ilé kejì. Bàbá wà ní fàráńdà pẹ̀lú ìwé ìròyìn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn.

"Kí lo wá mú?" ni wọ́n bi mí.

Gbogbo ohun tí mo tò sẹ́nu láti òru tú ká. Mo rò ó pé bí mo bá sọ pé mo mọ àṣìṣe ẹ̀rọ náà, wọ́n á bi mí ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. "Agboòrùn mi ni mo gbàgbé síbí, sà."

"Agboòrùn? Nínú ọyẹ́ yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n fi ìwé ìròyìn tọ́ka sínú ilé. "Lọ wò ó bóyá ó wà níbẹ̀."

Mo wọlé. Wọ́n ti fi aṣọ funfun bo ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo dúró síwájú wọn, mo fọwọ́ kan etí aṣọ náà, mo sì jáde. Mo sọ fún Bàbá pé mi ò rí i. Mi ò padà lọ mọ́. Kí ọdún yẹn tó parí, Bàbá ti kó àwọn ẹ̀rọ náà fún ẹnì kan, wọ́n fi yàrá náà háyà fún aránṣọ. Èmi náà bá ìyá mi lọ sí Aswani.

Ibẹ̀ náà ni mo wà títí dòní. Zíìpù, bọ́tìnnì àti òwú ìránṣọ ni mò ń tà, Òkè-Afà ni mo kọ́lé sí, omi òjò sì ti ba ìwé olójú-ewé ọgọ́ta náà jẹ́ ní ọdún tí àgbàrá wọ yàrá wa. Kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mí. Mo mọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn nọ́ńbà náà lórí. Bí fóònù mi bá dákú, ọmọbìnrin mi á ní, "Màámi, ẹ kàn pa á, kí ẹ tún un tàn." Òun kò jẹ̀bi. Ẹ̀rọ ayé ìsinsìnyí kì í tú àpò rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Bí ó bá ṣubú, á bẹ̀bẹ̀, á dìde, á máa lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó pa á, mo ṣì máa ń tẹjú mọ́ ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bóyá ó máa kọ ìlà kan fún mi.

Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tèmi ti bá mi dákẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún ó lé. Mo gbọ́ pé Àǹtí dé ipò ọ̀gá níbi iṣẹ́ náà, pé wọ́n ti fẹ̀yìn tì, pé Abẹ́òkúta ni wọ́n ṣì ń gbé. Abẹ́òkúta kò jìn. Mo máa ń gba Òṣòdì kọjá bí mo bá ń lọ ra ọjà, mo sì máa ń gbọ́ bí àwọn agbèrò ṣe ń pe èrò síbẹ̀, n ó dúró díẹ̀, n ó sì máa lọ. Kì í ṣe ìtìjú nìkan. Bí mo bá rí wọn, wọ́n á bi mí bóyá mo ṣe ohun tí wọ́n ní kí n ṣe. Wọn kò bú mi lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá bú mi ni, ì bá ti rọrùn. Mọ́tò ń lọ, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gèlè wọn, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì di fèrèsé mú, wọ́n kígbe sí mi pé:

"Ìlà kan péré ni! Lọ tún un ṣe! Sọ fún Bàbá pé èmi ni mo ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ẹ!"